Kí oníṣòwò tó sanwó àyẹ̀wò fítámì K

Bí ọdún bá ti ń parí lọ, tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá ti pín èrè tán, ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ara a máa wọ ìpàdé. Akọ̀wé á mú ìwé kan jáde tí ilé àyẹ̀wò fi ránṣẹ́, orúkọ àyẹ̀wò á sì tò wálẹ̀ lórí rẹ̀ bí orúkọ ọjà: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni àwọn fítámì lè wà, kí wọ́n sì kọ ọ́ síwájú K pé ó wà fún ẹ̀jẹ̀ dídì àti eegun líle. Ìyá aláṣọ tí orúnkún ń dùn, tó ti ń gbọ́ pé eegun àgbàlagbà kì í lágbára mọ́, á ní kí wọ́n bá òun sàmì sí i. Owó àyẹ̀wò náà kì í sì í ṣe kékeré.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí oníṣòwò bi ara rẹ̀ kó tó sàmì yẹn. Ìbéèrè náà kò ṣàjèjì sí i, nítorí irú rẹ̀ ló ń bi ara rẹ̀ kó tó kó ọjà: bí èsì yìí bá dé, kí ló máa yí padà? Bó bá jẹ́ pé bó ga, bó lọ sílẹ̀, ohun kan náà ni dókítà máa sọ, a jẹ́ pé owó náà ti wọgbó. Àyẹ̀wò mìíràn wà tó jẹ́ ọmọ ìyá èyí, tí kò gba ẹ̀rọ ńlá, tó sì jẹ́ pé èsì rẹ̀ lè gba ẹ̀mí là lọ́jọ́ tó bá jáde. Òun ni àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ bó ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ̀jẹ̀ tó dì. Òun ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ náwó bèèrè fún, òun náà ló sì yẹ kí ẹni tó dá ilé àyẹ̀wò sílẹ̀ máa tà.

Iṣẹ́ tí fítámì K ń ṣe

Ní 1929, onímọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Denmark, Henrik Dam, ń fi oúnjẹ tí kò lọ́ràá bọ́ àwọn òròmọdìẹ ní ìlú Copenhagen. Nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára wọn, bó bá sì ti ń dà, kì í tètè dá. Àwọn fítámì tí ayé ti mọ̀ nígbà yẹn kò rí i ṣe. Nígbà tó di 1935, Dam kéde pé fítámì tuntun kan ni oúnjẹ wọn kò ní, ó sì sọ ọ́ ní K, nítorí lẹ́tà yẹn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì lédè wọn. Edward Doisy, ọmọ Amẹ́ríkà, ló wá ṣàlàyé ohun tí fítámì náà jẹ́ gan-an. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti 1943.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Mẹ́rin nínú wọn, tí àwọn dókítà ń pè ní II, VII, IX àti X, ló nílò fítámì K. Bí kò bá sí i, ẹ̀dọ̀ á ṣe wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní wúlò, bíi ṣẹ́ẹ̀tì tí télọ̀ rán tán tí kò fi bọ́tìnnì sí. Èròjà kan wà nínú eegun pẹ̀lú, osteocalcin ni wọ́n ń pè é, fítámì K ló ń fún òun náà lágbára láti di kálísíọ́ọ̀mù mú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ eegun ti wọ̀ ọ́.

Ewé tútù ni ilé fítámì yìí. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, ewédú, ugwu, gbogbo wọn ló ní in. Òróró tàbí epo tí wọ́n fi se ẹ̀fọ́ náà ló ń jẹ́ kí ara rí i gbà. Ní 2001, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi í lélẹ̀ pé máíkírógíráàmù 120 ló tó ọkùnrin lójúmọ́, kí obìnrin gba 90. Abọ́ ẹ̀fọ́ kan tó dúdú dáadáa lè fúnni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tó ń jẹ ẹ̀fọ́ rírò lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kì í fi í ṣe ẹni tó yẹ kó máa páyà pé fítámì K òun ti tán.

Àwọn tó yẹ kí wọ́n páyà kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Ìkókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni àkọ́kọ́. Ẹni tí àrùn ẹ̀dọ̀ ń bá jà ni ìkejì, pẹ̀lú ẹni tí ọ̀nà òróòro rẹ̀ dí, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin pupa. Ìkẹta ni ẹni tó ti ń lo oògùn apakòkòrò fún ìgbà pípẹ́ tí kò sì lè jẹun. Ìkẹrin ni ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí wọ́n dìídì ṣe láti dí fítámì K lọ́wọ́.

Ìdí tí wíwọn fítámì náà kì í fi í sọ òótọ́ tán

Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ láti wọn iye fítámì K tó wà nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n máa rí kò ju oúnjẹ àná àti ìjẹta lọ. Ara kì í to fítámì yìí pamọ́ lọ títí. Ẹni tó jẹ ẹ̀fọ́ elẹ́gùúsí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí nọ́ńbà rẹ̀ ga láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹni tó jẹ gààrí àti ẹ̀pà ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, kí tiẹ̀ lọ sílẹ̀. Kò sì túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ ẹni kìíní ń dì ju ti ẹnì kejì lọ. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ mọ bí ṣọ́ọ̀bù kan ṣe ń lọ sí, tó wá ka owó tó wà nínú dúrọ́ọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Owó ló kà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ohun tí ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́.

Ọ̀rá tún wà ńbẹ̀. Inú ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ ni fítámì yìí máa ń wọ̀ káàkiri, nítorí náà ẹni tí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ lè ní nọ́ńbà tó ga láìjẹ́ pé ó ní ànító. Ìmọ́lẹ̀ náà ń bà á jẹ́. Bí wọn ò bá wé ìgò ẹ̀jẹ̀ náà kí ìmọ́lẹ̀ má bàa kàn án, ohun tó máa dé iwájú ẹ̀rọ lè má pé mọ́. Ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n gan-an wọ́n, ilé àyẹ̀wò kékeré tó wà láàárín ọjà ò lè rà á. Ńṣe ló máa gba ẹ̀jẹ̀, á fi í ránṣẹ́ sí ibòmíràn, á sì lé owó lé owó. Oníbàárà ló ń san gbogbo ìrìn àjò yẹn.

Kì í ṣe pé àyẹ̀wò náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àwọn olùwádìí ń lò ó nígbà tí wọ́n bá ń fi ọ̀pọ̀ èèyàn wé ara wọn. Dókítà tó ń tọ́jú ẹni tí ìfun rẹ̀ kì í gba ọ̀rá náà lè béèrè fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rìn, tó ń jẹun, tó ń ṣòwò rẹ̀, tó kàn fẹ́ mọ̀, èsì náà kò ní yí ohun kan padà fún un. Bó ga, wọ́n á ní kó máa jẹ ẹ̀fọ́. Bó lọ sílẹ̀, wọ́n á ní kó máa jẹ ẹ̀fọ́.

Èyí tó ń sọ òótọ́

Ní 1935 kan náà tí Dam sọ fítámì rẹ̀ lórúkọ, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Armand Quick, gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n fi lè mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yá dì sí. Òun ni wọ́n ń pè ní PT. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ búlúù, omi oògùn kan wà nínú ìgò náà tí kì í jẹ́ kó dì. Wọ́n á yọ omi orí ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n á mú un gbóná dé ìwọ̀n ara èèyàn, wọ́n á da èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì sí i, wọ́n á sì máa ka àáyá. Ẹni tí ara rẹ̀ pé, tiẹ̀ máa ń dì láàárín nǹkan bí àáyá mọ́kànlá sí mẹ́tàlá. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀.

Èròjà tí ilé àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ń lò kò dọ́gba, nítorí náà àáyá tí wọ́n kà nílùú Ìbàdàn lè yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kà l'Ékòó lórí ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan náà. Ní 1983, àjọ ìlera àgbáyé gba ìṣirò kan wọlé tó sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan, òun ni wọ́n ń pè ní INR. Ẹni tí kò lo oògùn kankan, INR rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bíi 1. Ẹni tó ń lo warfarin, ibi tí wọ́n sábà ń fẹ́ kó wà ni 2 sí 3, àwọn kan tó ní ilẹ̀kùn onírin nínú ọkàn lè jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bó bá wà lábẹ́ 2, ẹ̀jẹ̀ lè dì kó sì ṣẹ́ rọpárọsẹ̀ síni lára. Bó bá ga kọjá, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú ọpọlọ tàbí nínú ìfun láìsí ọgbẹ́ kankan.

Òótọ́ ni pé PT kì í tètè gbé ohùn sókè bí fítámì K bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dín kù. Ó dìgbà tó bá ti dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n ibi tí ewu wà ló ti ń sọ̀rọ̀, ohun tí oníṣòwò sì nílò nìyẹn. Bí dókítà bá rí i pé ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ń pẹ́ kó tó dì, tó fún un ní fítámì K, tí èsì ìkejì sì bọ́ sípò, ìdáhùn ti jáde nìyẹn. Bí kò bá bọ́ sípò, á mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ tàbí nǹkan mìíràn ló yẹ kí òun wò. Èsì yìí yí nǹkan padà, owó rẹ̀ kò ṣòfò.

Warfarin, ẹ̀fọ́ àti oògùn orí káńtà

Ìtàn warfarin bẹ̀rẹ̀ lórí koríko màlúù. Láwọn ọdún 1920, àwọn màlúù ní Kánádà àti àríwá Amẹ́ríkà ń jẹ koríko gbígbẹ tó ti bu, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára wọn títí wọ́n á fi kú. Ilé ìwádìí Karl Paul Link ní yunifásítì Wisconsin ló rí ohun tó wà nínú koríko náà. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe warfarin, tí wọ́n kọ́kọ́ tà gẹ́gẹ́ bí oògùn eku ní 1948. Nígbà tó di 1954, wọ́n fọwọ́ sí i fún èèyàn. Oògùn eku kan náà ló ń gba ọ̀pọ̀ èèyàn là lónìí, ìwọ̀n ló yàtọ̀. Ìwọ̀n yẹn ni INR ń ṣọ́.

Àwọn kan ń sọ pé oògùn tuntun ti dé tí kò nílò àyẹ̀wò, pé ayé warfarin ti lọ. Kò tíì lọ. Ẹni tí wọ́n fi ilẹ̀kùn onírin sí ọkàn rẹ̀, warfarin ni tirẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022, tí wọ́n ṣe lórí nǹkan bí 4,500 èèyàn ní Áfíríkà, Éṣíà àti Gúúsù Amẹ́ríkà tí ibà ìgbà èwe ti ba ilẹ̀kùn ọkàn wọn jẹ́, fi hàn pé àwọn tó lo irú oògùn ti warfarin kú kéré sí àwọn tó lo ọ̀kan lára àwọn oògùn tuntun náà. Irú àrùn ọkàn bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Áfíríkà. Nítorí náà àwọn tó máa nílò INR ṣì wà nílé, wọ́n sì ṣì ń bọ̀.

Aṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ lára wọn. Àkọ́kọ́ ni pé bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ẹ̀fọ́ ń bá warfarin jà, wọ́n á pa ẹ̀fọ́ tì pátápátá. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n jẹ ẹ̀fọ́ déédéé ni, kó má jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan kò sí rárá, ọ̀sẹ̀ kejì ojoojúmọ́ ni. Dókítà á fi ìwọ̀n oògùn bá ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń jẹ mu.

Ìkejì ni ti oògùn orí káńtà, ọ̀rọ̀ náà sì kan àwọn tó ni kẹ́míìsì gbọ̀ngbọ̀n. Inú run ìyá kan tó ń lo warfarin, ó rán ọmọ lọ ra Flagyl. Ọmọ náà ò sọ̀rọ̀ warfarin, ẹni tó ń tajà kò béèrè. Flagyl máa ń mú kí warfarin lágbára sí i nínú ara, INR lè fò sókè láàárín ọjọ́ díẹ̀. Septrin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac, wọ́n ń ha ikùn, ẹ̀jẹ̀ tí kò lè dì á sì gba ibẹ̀ jáde. Àgbo tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Ìbéèrè kan lórí káńtà, "Ǹjẹ́ ẹni tó fẹ́ lò ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì?", kò ná ẹni tó ni kẹ́míìsì ní kọ́bọ̀. Oníbàárà tí wọ́n bá sì ti gbà sílẹ̀ báyìí, kò ní lọ sí ibòmíràn mọ́ láyé.

Ti eegun ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn létí jù nìyí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń fi ọ̀rọ̀ dídùn gbowó. Òótọ́ ni pé fítámì K ní iṣẹ́ nínú eegun. Òótọ́ sì ni pé ní Japan, dókítà lè fi irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní K2 tọ́jú eegun tó ń fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ṣe láwọn ibòmíràn kò fẹnu kò lórí pé ó ń dá eegun ṣíṣẹ́ dúró. Láti wá ọ̀rọ̀ eegun lọ sínú wíwọn fítámì K, ọ̀nà jìn. Àyẹ̀wò tó ń sọ bí eegun ṣe le tó ni ti ẹ̀rọ ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní DXA. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, tí ìyá rẹ̀ ti ṣubú tí egungun ìbàdí sì ṣẹ́, òun ló yẹ kó bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn tó kù, kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n jẹ ẹja wẹ́wẹ́ teegunteegun, kí wọ́n jẹ ẹ̀fọ́, kí wọ́n sì jìnnà sí sìgá àti ọtí àmujù.

Orúnkún tó ń dun ìyá aláṣọ ńkọ́? Oríkèé ni, kì í ṣe fítámì K. Nọ́ńbà fítámì kan kò lè sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó bá sì ń ta oògùn K2 fún eegun, kó mọ̀ pé bí oníbàárà náà bá ń lo warfarin, ọjà tí òun tà lè sọ warfarin di omi lásán. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó.

Ìkókó kò nílò àyẹ̀wò

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó dá ilé ìgbẹ̀bí sílẹ̀. Fítámì K kì í fi bẹ́ẹ̀ ti ara ìyá wọ ara ọmọ nínú oyún, wàrà ọmú náà kò sì ní púpọ̀. Gbogbo ìkókó ni tiẹ̀ kéré, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Abẹ́rẹ́ mílígíráàmù 1 ní itan, ní ọjọ́ tí wọ́n bí i, ni àjọ ìlera àgbáyé ní kí wọ́n fún un. Bí ọmọ náà bá kéré gan-an, dókítà á sọ ìwọ̀n tirẹ̀.

Bí wọn ò bá fún un, ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde ní ìwọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tàbí lọ́jọ́ tí olóòlà bá dá abẹ́ fún un. Èyí tó burú jù ni èyí tó ń dé láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkejìlá, nígbà tí wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, tí gbogbo ẹbí ti lọ. Inú orí ni ẹ̀jẹ̀ náà sábà ń dà sí. Ilé ìgbẹ̀bí tó bá ń kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n abẹ́rẹ́ náà sínú káàdì ọmọ, tó sì ń béèrè káàdì náà kí ìyá tó mú ọmọ lọ fún olóòlà, ń ta ohun tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan fún ẹ̀mí tí kò ní iye.

Bí ilé àyẹ̀wò kékeré ṣe lè jèrè lórí rẹ̀

Àwọn tó ni ilé àyẹ̀wò lè sọ pé oníbàárà lọba, pé bó bá ní fítámì K lòun fẹ́, àwọn á gbowó rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe àyẹ̀wò fítámì K lọ́dún yìí kò ní padà wá ṣe é títí ọdún mìíràn, bó bá tilẹ̀ padà. Ẹni tó ń lo warfarin, bí ara rẹ̀ bá ti mọ́ ọn, ó lè máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, ní ìbẹ̀rẹ̀ sì rèé, ó lè wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Oníbàárà tó ń padà wá lòwò. Ẹlẹ́ẹ̀kan ò ju àlejò lọ.

Ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n ni pé èròjà PT kì í pẹ́ bàjẹ́ bí wọ́n bá ti pò ó. Ká ní ìgò kan lè ṣe ogún èèyàn. Bí méjì péré bá wá kó tó bàjẹ́, owó ìgò náà bọ́ sórí èèyàn méjì. Bí mẹ́rìndínlógún bá wá lọ́jọ́ kan náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé ìdá kan nínú mẹ́jọ ohun tí àwọn méjì yẹn ì bá gbé. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò le: kí ilé àyẹ̀wò mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, bí Ọjọ́rú, kó sọ fún àwọn dókítà àdúgbò pé ọjọ́ INR nìyẹn, kó sì ba owó rẹ̀ jẹ́ díẹ̀ kí èrò lè pọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ kíákíá, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe é ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ewé àyẹ̀wò kan fún èèyàn kan, kò sí ohun tó ń ṣòfò. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga gan-an, kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ iṣan ṣe é padà kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

Èrè yìí kò sí fún ẹni tó bá fẹ́ fi jìbìtì ṣe é. Ìgò búlúù gbọ́dọ̀ kún dé ojú àmì, ìdá mẹ́sàn-án ẹ̀jẹ̀ sí ìdá kan omi oògùn. Bí kò bá kún, nọ́ńbà á ga lásán, dókítà á sì dín oògùn ẹni tí kò yẹ kó dín kù. Inú fíríìjì ni èròjà ń gbé, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà kò gbọ́dọ̀ wọ fíríìjì. Bí iná bá lọ ní gbogbo òru, kí ẹni tó ni ilé àyẹ̀wò mọ bí fíríìjì rẹ̀ ṣe gbóná tó, kó má fojú bù ú. Nọ́ńbà ISI tó wà lára páálí èròjà tuntun ni kó fi ṣírò, kì í ṣe ti páálí tó tán lóṣù tó kọjá. Àjọ tí òfin 2003 fi lé iṣẹ́ yìí lórí ní Nàìjíríà, Medical Laboratory Science Council of Nigeria, wà láti máa forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò sílẹ̀, láti sì máa ṣọ́ ilé àyẹ̀wò. Kí ẹni tó fẹ́ ṣe é ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́.

Nǹkan kan tún kù tó ju ẹ̀rọ lọ: fóònù. Èsì tó bá kọjá 5, kò yẹ kó dúró sínú fáìlì de ọjọ́ tí oníbàárà máa wá gbà á. Kí wọ́n pe dókítà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì pe òun náà. Ìpè ìṣẹ́jú méjì yẹn ni ọjà gan-an tí ilé àyẹ̀wò ń tà. Ìwé èsì kàn jẹ́ páálí tí wọ́n fi dì í ni.

Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó fọwọ́ síwèé

Àwọn olórí ẹgbẹ́ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àtúnṣe. Kí wọ́n dá ìwé náà padà fún ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n ní kó yọ fítámì K kúrò. Owó tó bá jáde níbẹ̀, kí wọ́n fi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, nítorí òun ló ń pa oníṣòwò lórí ìdúró. Kí wọ́n wá béèrè ní ìpàdé pé ta ló ń lo warfarin, ta ló ní ilẹ̀kùn onírin lọ́kàn, ta ni ojú rẹ̀ ti pọ́n rí. Àwọn yẹn ò lè pọ̀. Kí ẹgbẹ́ ran àwọn yẹn lọ́wọ́ lórí INR wọn jálẹ̀ ọdún. Owó kékeré tí wọ́n ná sí ibi tó yẹ á gba ju owó ńlá tí wọ́n fọ́n ká lọ.

Ìyá aláṣọ náà ò ní pàdánù ohunkóhun. Kó mú owó fítámì K rẹ̀ lọ́wọ́, kó lọ fi orúnkún rẹ̀ han dókítà. Bó bá ń bọ̀, kó ra ẹ̀fọ́ ṣọkọ lọ́nà. Kó fi epo díẹ̀ rò ó, kó sì jẹ ẹ́.